Fíìmù tí Ẹ̀gbọ́n Mi ti Ṣe Òkú

Mo fẹ́ràn fíìmù burúkú. Kì í ṣe gbogbo fíìmù burúkú o. Àwọn èyí tí òkú ti ń jí nínú sàréè ni mo ń sọ, tí ó ń na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tí ó ń lé alààyè kiri inú igbó. Àwọn èyí tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá lajú dáadáa, yóò rí aago lọ́wọ́ òkú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń pe irú òkú bẹ́ẹ̀ ní sọ́nbì, bí àwọn Faransé ti ń pè é. Àwọn tí a jọ ń kọ́ni ní Kétu máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n ní kí ni obìnrin tó ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ń wá nídìí òkú tó ń rìn. Èmi náà á bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá nídìí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí kì í borí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Idigny, ìlú kékeré kan lágbègbè Kétu ní ilẹ̀ Benin, la ti dàgbà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ní tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀. Ó fi àpò sìmẹ́ǹtì dí fèrèsé yàrá kan pa, ó to pákó sínú rẹ̀ fún ìjókòó, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló sì máa ń ṣí i. Ooru inú yàrá yẹn, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi se iṣu. Ẹ̀gbọ́n mi á rí i pé mo jókòó sẹ́bàá ìlẹ̀kùn, òun náà á jókòó tì mí, nítorí ó mọ̀ pé bí òkú bá ti yọjú, mo lè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Á di ọwọ́ mi mú, á máa sọ sí mi létí pé, "Wò ó, wò ó, ẹni tó kú lẹ́ẹ̀kan ló tún ń kú yẹn, aṣọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀ fún un." Òótọ́ sì ni. Owó kì í tó wọn gba èèyàn púpọ̀, ẹnì kan náà á kú, á dìde, á tún lọ kú níbòmíràn. Nínú òkùnkùn yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń bẹ̀rù tí a sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀.

Mo mọ àbùkù wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn á pupa jù, òkú wọn á sanra jù, ewúrẹ́ á máa jẹ koríko rẹ̀ lẹ́yìn òkú tó ń bú ramúramù, kò ní gbé orí sókè. Àwọn tó ń sá kì í mọ̀ ọ́n sá. Ibi tí kò sí kùkùté ni wọ́n ti máa ń kọsẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ fún ara mi pé èyí ló kẹ́yìn, pé ìwà ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ìgbà kan máa ń wà, àní nínú èyí tó burú jù lọ, tí ìyá kan á rí ọmọ rẹ̀ tó ti kú lẹ́nu ọ̀nà, á pe orúkọ rẹ̀, ọmọ náà á yíjú sí i, kò sì ní mọ̀ ọ́n. Kò sí owó rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni nílò láti ṣe ìyẹn. Ó máa ń dùn mí wọ eegun, mi ò sì lè gbé ojú kúrò.

Àkúdàáyà tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní ẹni tí kò lo ọjọ́ rẹ̀ pé kó tó kú lè lọ dó sí ìlú mìíràn, kó máa tajà níbẹ̀, kó fẹ́yàwó, kó bímọ, kí ẹnikẹ́ni má fura pé òkú ni. Orí rẹ̀ pé pérépéré. Ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ bàbá rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá ti rí ará ilé rẹ̀ lókèèrè, ńṣe ni yóò pòórá. Òkú inú fíìmù ń lé wa. Òkú tiwa ń sá fún wa. Ọmọ kíláàsì mi kan bi mí rí pé èwo ló burú jù nínú méjèèjì. Mo ní kó lọ jókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò ní Idigny ní tirẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ó sì ń fi alùpùpù rẹ̀ kó ẹrù oko fún àwọn ẹlòmíràn, títí dé ọjà Ìlárá lódìkejì ẹnubodè, ní ìhà Nàìjíríà. Kò tíì gbéyàwó. Bí ìyá wa bá ti dá ọ̀rọ̀ ìyàwó sílẹ̀, á ní òun ń lọ wo pańpẹ́ òun lóko, á sì gbabẹ̀ lọ. Ó rẹwà, ó sì mọ̀ pé òun rẹwà, ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan wá láti Kétu, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe fíìmù òkú tó ń jí ní èdè Nàgó, Yorùbá tiwa níhìn-ín, nínú oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Okpomèta, òun ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Ọ̀gá wọn ni ẹni tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú káàkiri agbègbè wa. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní ojú rẹ̀ ti dára jù fún òkú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n bà á jẹ́.

Ògì ni wọ́n fi bà á jẹ́. Wọ́n kùn ún sí i lójú, wọ́n jẹ́ kó gbẹ kó sì sán wẹ́wẹ́, wọ́n fi èédú pa á nídìí ojú, wọ́n po tòmátò inú agolo mọ́ epo pupa, wọ́n dà á sí i láyà. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́, ó gun alùpùpù wá sí ilé mi ní Kétu láti fi bí òun ṣe rìn hàn mí. Ó ní eṣinṣin kò jẹ́ kí òun gbádùn ikú òun. Ó rìn yí yàrá mi ká, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, orí rẹ̀ ti ṣubú sí èjìká, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ìrìn yẹn kò dára, pé bí ẹni tí bàtà ń há ló ń rìn. Ó bínú. Ó padà sí ẹnu ọ̀nà, ó tún un rìn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fíìmù náà pẹ́ kó tó jáde. Ọ̀gá wọn ń wá owó, ó ń wá ẹni tí yóò bá a fi ohùn sí i, iná ìjọba ń lọ ó ń bọ̀. Nígbà tó fi máa jáde, ẹ̀gbọ́n mi ti kú.

Ibà pọ́njú ló pa á. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó ń mu àgbo, ó ń lọ sóko. Nígbà tó fi máa gbà ká gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobè, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kọ nípa ìyẹn. Àwọn kan ní Idigny sọ pé fíìmù ló pa á, pé ẹni tó bá fi aṣọ òkú ṣeré, aṣọ náà kì í fẹ́ bọ́ lára rẹ̀ mọ́. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n ka àwọn yòókù tí wọ́n jọ ṣe òkú nínú oko yẹn, kí wọ́n wá sọ ìdí tí wọ́n fi ń jẹ ẹ̀bà kiri fún mi. Wọn ò tún bá mi sọ ọ́ mọ́, ó kéré tán kì í ṣe lójú mi.

Nílé wa, òbí kì í sin ọmọ. Òkú ọ̀fọ̀ là ń pè é, a kì í sì í ṣe é ní ariwo. Kí mọ́tò tó gbé ẹ̀gbọ́n mi dé láti Pobè, àwọn obìnrin agboolé ti mú ìyá mi lọ sí ilé kan ní ìpẹ̀kun àdúgbò, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n sì jókòó tì í. Ìyá kì í rí òkú ọmọ rẹ̀. Kì í mọ ojú oórì rẹ̀. Kì í ké kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba, nítorí wọ́n ní ẹkún bẹ́ẹ̀ máa ń fa èyí tó kù nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò ni àṣà gbà láyè láti tẹ̀lé e, mo sì tẹ̀lé e. Mo rí i lẹ́yìn tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Mo rí i nígbà tí wọ́n ń ká aṣọ funfun bò ó lójú. Ìyá mi tó bí i kò rí nǹkan kan. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sínú mọ́tò láàyè, ó ní kí wọ́n rọra wà á, ohun tó sì tún gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni pé wọ́n ti parí ètò gbogbo. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò fara mọ́ àṣà yìí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n àlùfáà kì í gbé agboolé wa.

Lẹ́yìn ìkórè ni ọ̀rọ̀ náà dé. Obìnrin kan tó máa ń wá ra àgbàdo láti Ìlárá ló gbé e wọ Idigny. Wọ́n ti rí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlárá. Aṣọ funfun ló wọ̀. Ó ń rìn. Wọ́n pè é ní orúkọ, ó yíjú, kò sì dáhùn. Kò sí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni tún nílò láti gbọ́. Ọkùnrin tó kú ní rèwerèwe, tí kò níyàwó, tí kò bímọ, tó sì mọ ọ̀nà Ìlárá bí ẹní mowó, kí ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe àkúdàáyà? Àwọn tó sọ fún ìyá mi kò ní ìkà lọ́kàn. Wọ́n rò pé ìròyìn ayọ̀ ni àwọn mú wá.

Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó wé gèlè, ó pe zẹ́mìjáàn, ọlọ́kọ̀ alùpùpù náà sì gbé e lọ sí Ìlárá. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó tún lọ. Ìyá mi ti dàgbà, orúnkún ń dùn ún, ọ̀nà yẹn sì jẹ́ kìkì kòtò àti eruku. Ibi tí àwọn alágbàdo ti ń já ẹrù ló máa ń jókòó sí. Á fa ìborùn bo orí, ẹnu àti imú, kí ọmọ rẹ̀ má baà rí i lókèèrè kó sì pòórá mọ́ ọn lójú. Á máa wo ojú gbogbo ọkùnrin tó bá kọjá. Bí ọjà bá tú, á gun zẹ́mìjáàn padà sílé, eruku á ti sọ irun ojú rẹ̀ di pupa. Ó rù. Oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ di igbó. Nígbà tí mo wá kí i ní òpin ọ̀sẹ̀, mo gbá a mọ́ra, mo sì rí i pé eegun ni mo gbá mú.

Inú bí mi kọjá bó ṣe yẹ. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé, bí mo ti ń ṣe fún ọmọ tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́.

"Ìyá, mo rí òkú rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ti tutù."

"Ìwọ rí i," ni ó wí.

"Ṣé mo máa parọ́ fún yín ni?"

"Mi ò ní o parọ́. Mo ní ìwọ lo rí i." Ó ń ṣa ẹ̀wà nígbà yẹn, kò gbójú sókè. "Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi, èwo ni nínú méjèèjì?"

Mo padà sí Kétu, mo sì mọ̀ pé bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe, ọ̀nà Ìlárá ni yóò gba ìyá mi lọ́wọ́ mi.

Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí n má baà bá a pàdé. Ká sòótọ́, ìjà ni mo bá lọ. Mo fẹ́ mọ ẹni tó la ẹnu rẹ̀ sọ pé òun rí ẹ̀gbọ́n mi, kí n lè sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un. Obìnrin alágbàdo náà kò gbà mí láyè láti jà. Ó ní òun kọ́ ló rí i o, aránṣọ kan ni, ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé alùpùpù rẹ̀ sí iwájú ilé rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Mo lọ bá aránṣọ náà. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan ni, ó fún mi ní àga, ó kí mi kú ọ̀fọ̀. Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó fi sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ṣọ́ọ̀bù kan ní òdìkejì títì, níbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù sínú pọ́tábù, ìyẹn fóònù, fún èèyàn.

"Ibẹ̀ yẹn ni," ó ní. "Nínú tẹlifíṣọ̀n wọn."

Ọkùnrin náà kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun rí i, ó sì rí i lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n yẹn ni ó já bọ́ lójú ọ̀nà, bí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ́ láti ẹnu kan sí òmíràn.

Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n náà sórí tábìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀dọ́ sì jókòó níwájú rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Mo ní kí wọ́n fi fíìmù Nàgó yẹn sí i fún mi, èyí tí òkú ń rìn nínú oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n yọ̀, wọ́n ní èyí yẹn dùn. Ó bẹ̀rẹ̀. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi nínú kòtò, ó nà gbalaja. Mo rí i tó lajú. Mo rí i tó ń bọ̀ láàárín ẹ̀gẹ́, ìrìn náà ni mo sì kọ́kọ́ dá mọ̀, kí n tó dá ojú mọ̀. Ó ti tún un ṣe. Kò rìn bí ẹni tí bàtà há mọ́ rárá. Ògì ń já bọ́ lójú rẹ̀ wẹ́wẹ́, àwọn ọ̀dọ́ náà sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ju ẹ̀pà sókè. Obìnrin kan jáde láti inú ahéré, òun ni wọ́n fi ṣe ìyá rẹ̀. Ó pè é. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i, ó wò ó bí ẹni ń wo igi.

Mo fẹ́ kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n náà, mo sì fẹ́ kó má parí láéláé. Bí ìfẹ́ mi sí àwọn fíìmù wọ̀nyí ṣe rí láti kékeré nìyẹn, àfi pé ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń fi ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ kò ṣe ohun tó burú. Ohun tí mo ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé mi ni àwọn náà ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó dẹ́kun ẹ̀pà jíjẹ.

"Tàntí, ẹ má sunkún," ó ní. "Fíìmù lásán ni."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Ẹ fi sínú pọ́tábù mi."

Mi ò lè fi han ìyá mi láì kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá wa ti kú tipẹ́, òun sì ni olórí agboolé. Òun ló pàṣẹ lọ́jọ́ ìsìnkú pé kí wọ́n mú ìyá mi kúrò nílé. Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀. Ó gba pọ́tábù lọ́wọ́ mi, ó nà án jìnnà sí ojú rẹ̀ bí àwọn àgbà ti ń ṣe, ó sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lajú nínú kòtò, ó da ojú ẹ̀rọ náà dé sórí itan rẹ̀.

"Òkú ni mo rí," ó ní.

"Bàbá, eré ni. Ògì ni wọ́n kùn sí i lójú. Ó wà láàyè nígbà tí wọ́n ń yà á."

"Ṣé ó wà láàyè nísinsìnyí?"

"Rárá, Bàbá."

"Aṣọ wo ló wà lọ́rùn rẹ̀?"

"Aṣọ funfun ni."

"Níbo ló sùn sí?"

"Inú sàréè."

"Ó ti kú, ó wọ aṣọ funfun, ó sùn sínú sàréè, ìwọ wá ní kì í ṣe òkú." Ó dá pọ́tábù padà fún mi. "Ẹ̀yin pùrófẹ́sọ̀, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ìyá kì í rí òkú ọmọ."

Ó bí mi nínú pé mi ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ́. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a máa wo ìyá mi níran kó lọ kú sí ibi tí wọ́n ti ń já àgbàdo ní Ìlárá, nígbà yẹn a óò sin òkú àgbà, àṣà kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn le jù fún ọmọ láti sọ sí bàbá, mo mọ̀. Òun náà ń rí i bó ṣe ń rù. Ojú rẹ̀ ni zẹ́mìjáàn ṣe ń gbé e lọ tó sì ń gbé e bọ̀.

"Fi ibi tó ti ń rìn hàn án," ó sọ níkẹyìn. "Kó mọ̀ pé inú ẹ̀rọ ló wà, kì í ṣe ọjà. Ibi tó ti dùbúlẹ̀ yẹn, má jẹ́ kó rí i. Ṣé o gbọ́ mi?"

Mo ní mo gbọ́, Bàbá.

Mo bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án, ó ń bó ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tó rí wà lóko rẹ̀. Mo jókòó tì í lórí àpótí. Mo ti wá ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀ láàárín ẹ̀gẹ́ kí n tó wọlé. Mo ní, "Ìyá, ẹ wá wo nǹkan kan," mo sì tẹ̀ ẹ́.

Kò ké. Kò dìde. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó.

"Kí ni wọ́n kùn sí i lójú?"

"Ògì ni."

"Wọ́n fi ògì ṣòfò báyìí." Ó tún wò ó. Obìnrin inú fíìmù náà jáde, ó pe ẹ̀gbọ́n mi. "Èyí ni wọ́n fi ṣe èmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kò mọ̀ ọ́n pè." Ó ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde. Mo rí i pé ó ti yé e, kí n tó wí ohunkóhun. "Èyí ni wọ́n rí ní Ìlárá."

"Èyí ni."

Mo rò pé ó ti parí. Mo ti ń ro bí n ó ṣe mú un lọ sọ́dọ̀ mi ní Kétu fún ìgbà díẹ̀, kó jẹun, kó sinmi. Mo nawọ́ láti pa pọ́tábù náà.

"Kó tó máa rìn," ìyá mi ní, "níbo ló ti dìde?"

"Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ náà nìyẹn, Ìyá."

"Láti kékeré lo ò ti mọ irọ́ọ́ pa. Ẹni tó ń rìn nínú aṣọ funfun, ó ti ibì kan dìde. Dá a padà."

"Bàbá ní kí n má ṣe é."

"Mo mọ ohun tí Bàbá ní. Ṣé kì í ṣe òun ló ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. "Gbogbo Idigny rí ọmọ mi. Aránṣọ Ìlárá rí i. Àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà rí i. Ìwọ tí mo bí lé e, o rí i, o fọwọ́ kàn án. Bó bá ṣe pé mo rí i lọ́jọ́ yẹn, ta ni ìbá rán mi lọ sí Ìlárá?"

Mo wo ìhà ibi tí Bàbá jókòó sí lábẹ́ máńgòrò. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Gbogbo wa ti ń ṣọ́ ìyá mi kó má baà rí ojú òkú, èmi pẹ̀lú ìwé tí mo kà wà nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Mo dá fíìmù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ nínú ilẹ̀ pupa. Wọ́n pa ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ lórí àyà, wọ́n fi òwú sí i nímú. Ògì tó wà lójú rẹ̀ kò tíì sán, ojú náà sì mọ́, ó dákẹ́. Kámẹ́rà pẹ́ lórí rẹ̀ gan-an. Mo rò pé ọ̀gá wọn kò ní ohun mìíràn tó lè yà ni. Eṣinṣin kan bà lé e létè, kò mira.

"Dá a dúró," ìyá mi ní.

Mo dá a dúró. Pọ́tábù mi máa ń ṣókùnkùn bí a kò bá fọwọ́ kàn án, nítorí náà mo ń fi ìka kàn án jẹ́jẹ́ kí iná rẹ̀ má lọ. Ìyá mi nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó gba ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ó wo orí, ó wo imú, ó wo àgbọ̀n. Ó fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò níbi iwájú orí rẹ̀. Ó wá pè é ní orúkọ kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé.

"Ó dàárọ̀ o," ó ní. "Má dúró ní Ìlárá. Má dúró níbì kankan. Máa lọ tààrà. Má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kí o bá wọn jẹ."

Mo ṣì ń fi ìka kan ojú ẹ̀rọ náà. Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé kí n jẹ́ kó máa lọ?"

Ó mi orí.

"Má jẹ́ kó dìde," ó ní.

Mo gbé ìka mi kúrò. Ojú ẹ̀rọ náà rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí a ò fi rí ẹ̀gbọ́n mi mọ́, ìyá mi sì la ẹnu, ó ké. Ó ké tí àwọn adìyẹ fi fò kúrò nídìí ẹ̀gẹ́, tí àwọn obìnrin ilé kejì fi yọjú lókè ògiri. Bàbá dìde lábẹ́ igi máńgòrò, ó kọjú sí ọ̀dọ̀ wa, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó rọra jókòó, ó sì jẹ́ kó sunkún ọmọ rẹ̀.